Ìwé Ìlànà WIDA Ẹ̀dà 2020: Àyẹ̀wò Olùkọ́ Kan fún Àwọn Olùkọ́ àti Òbí Ọmọ Yorùbá ní Amẹ́ríkà

Kò sí olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ tí èdè ilé rẹ̀ kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ìwé ìjọba ní Maryland, Georgia, Illinois tàbí Delaware tí kò ní bá ìwé ìlànà WIDA pàdé, ìyẹn àjọ tí àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà jọ dá sílẹ̀ nítorí ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dà tí mo ń yẹ̀ wò yìí ni ti ọdún 2020. Ojú ewé rẹ̀ lé ní 300, ọ̀fẹ́ ni ẹnikẹ́ni sì lè gbà á sórí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù láti orí ìkànnì àjọ náà. Òun ni àwọn ilé ìwé fi ń ṣètò bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì yóò ṣe bá ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìtàn, òun náà ni wọ́n sì fi ń mọ ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ọmọ náà dé. Olùkọ́ ESOL, ìyẹn ẹni tó ń kọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ni mí ní Maryland, níbi tí ọmọ Yorùbá kò ti ṣọ̀wọ́n nínú kíláàsì, ìwé yìí sì wà lára ohun èlò iṣẹ́ mi ojoojúmọ́. Mo fẹ́ sọ ohun tí mo rí nínú rẹ̀ fún àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti fún àwọn òbí tó ń rí orúkọ WIDA nínú lẹ́tà ilé ìwé láì sí ẹni tó ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn.

Ibi tí mo dúró sí nìyí: ìwé tó dára ni, ó sì tọ́ kí olùkọ́ lò ó. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá kò sí nínú rẹ̀, àyàfi bí olùkọ́ bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú un wọlé. Bí a ṣe ń mú un wọlé yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí jù, nítorí ibẹ̀ ni a ti ń mọ̀ bóyá ètò ẹ̀kọ́ yóò ran ọmọ lọ́wọ́ tàbí yóò kàn di ẹrù lé e lórí.

Kí ìdí tí irú ìwé yìí fi wà tó lè yéni, ó yẹ ká rántí ẹjọ́ Lau àti Nichols tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà dá ní ọdún 1974. Àwọn ọmọ tó ń sọ èdè Ṣáínà ni wọ́n kó sínú kíláàsì ní San Francisco, tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ wọn, tí ohun tí olùkọ́ ń wí kò yé wọn, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì rí ìrànlọ́wọ́ kankan lórí èdè náà. Ilé ẹjọ́ sọ pé bí a bá fún gbogbo ọmọ ní ìwé kan náà, olùkọ́ kan náà àti ètò ẹ̀kọ́ kan náà, a kò tíì ṣe ohun tó dọ́gba fún wọn nígbà tí àwọn kan nínú wọn kò gbọ́ èdè tí a fi ń kọ́ wọn. Ní ọdún 1981, ẹjọ́ Castañeda àti Pickard, tó wá láti Texas, fi kún un pé ètò tí ilé ìwé bá ṣe fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró lórí ìmọ̀ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, kí wọ́n pèsè òṣìṣẹ́ àti ohun èlò tí yóò mú un ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń so èso. Nígbà tí òfin ìjọba àpapọ̀ wá ń béèrè pé kí wọ́n máa dán Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ wọ̀nyí wò lọ́dọọdún, àwọn ìpínlẹ̀ díẹ̀ kóra jọ ní ọdún 2003 láti ṣe iṣẹ́ náà pọ̀. Wisconsin, Delaware àti Arkansas ni orúkọ WIDA ti jáde. Lónìí, àwọn ìpínlẹ̀, agbègbè àti àjọ ìjọba tó wà nínú ẹgbẹ́ náà lé ní 40, Yunifásítì Wisconsin ní Madison sì ni olú ilé iṣẹ́ wọn wà. California, Texas àti New York kò sí níbẹ̀, ìlànà àti ìdánwò tiwọn ni wọ́n ń lò, nítorí náà òbí tó wà ní Houston tàbí Brooklyn kò ní bá orúkọ yìí pàdé nínú lẹ́tà ilé ìwé ọmọ rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìwé náà ni pé kò fàyè gbà á kí wọ́n gbé ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí yóò fi gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó fi ìṣirò gidi hàn án. Ìlànà márùn-ún ló wà nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti èdè àjọṣe àti ti ìgbòkègbodò inú kíláàsì, àwọn mẹ́rin yòókù sì jẹ́ ti ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń béèrè ohun tí ọmọ fẹ́ fi èdè ṣe, wọ́n sì kó o sábẹ́ iṣẹ́ mẹ́rin: kí ó sọ ìtàn, kí ó ṣe àpèjúwe nǹkan fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, kí ó ṣàlàyé bí nǹkan ṣe ń ṣẹlẹ̀ àti ìdí rẹ̀, kí ó sì fi ẹ̀rí gbe èrò rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá ṣí ìwé náà tó rí àmì bíi ELD-MA.4-5.Explain.Expressive lè fẹ́ pa á dé, ṣùgbọ́n kíkà rẹ̀ kò le. Ìdàgbàsókè èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ELD, ìṣirò ni MA, kíláàsì kẹrin àti ìkarùn-ún ni 4-5, ṣíṣe àlàyé ni Explain, Expressive sì ń sọ fún olùkọ́ pé ọmọ ni yóò sọ ọ́ tàbí kọ ọ́ jáde fúnra rẹ̀. Bí olùkọ́ bá ti mọ àmì yìí kà, ó ti mọ ibi tí yóò ṣí fún ẹ̀kọ́ tó fẹ́ kọ́.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má rò pé ètò ẹ̀kọ́ tó ti parí ló gbà. Ìwé náà kò sọ ohun tí ọmọ yóò kà, kò sì sọ ohun tí olùkọ́ yóò kọ́ ní ọjọ́ Ajé tàbí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Irú èdè tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń béèrè ló ń tọ́ka sí, olùkọ́ ni yóò sì fi ìyẹn gbé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ kalẹ̀. Ibi tí mo ti rí i pé ó wúlò gan-an nìyí, mo sì fẹ́ fi ẹ̀kọ́ ìṣirò kan hàn yín.

Ní kíláàsì karùn-ún, a ń retí pé kí ọmọ lè kọ ìṣirò tó ní àkámọ́, kí ó sì lè sọ ohun tó túmọ̀ sí. Mo kọ 45 sójú pátákó, mo sì ní kí ọmọ kan tí ìyá àgbà rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ ní òǹkà nílé pè é fún wa. Ó ní àrúndínláàádọ́ta. Mo ní kí ó tú u fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ogún lọ́nà mẹ́ta ni ọgọ́ta, a yọ ẹ̀wá kúrò ó di àádọ́ta, a tún yọ àrún kúrò. Ohun tí ó kọ sójú pátákó ni (20 × 3) − 10 − 5. Gbogbo kíláàsì dákẹ́ wò ó, nítorí wọn kò rò ó rí pé ìṣirò lè wà nínú orúkọ nọ́ńbà kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà mo kọ 90. Ọmọ Yorùbá náà ní àádọ́rùn-ún, ó kọ (20 × 5) − 10. Ọmọ kan tó wá láti apá tí wọ́n ti ń sọ Faransé ní Kamẹrúùnù ní quatre-vingt-dix, ó kọ (4 × 20) + 10. Ọmọ El Salvador ní noventa, ó kọ 9 × 10. Ọ̀nà mẹ́ta la gbà dé orí nọ́ńbà kan, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè ìdí tí tèkejì fi jóòótọ́.

Níbi yìí ni ìwé WIDA ti wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ìpele mẹ́fà ni wọ́n pín ìdàgbàsókè Gẹ̀ẹ́sì ọmọ sí, wọ́n sì ń wo nǹkan mẹ́ta nínú ìpele kọ̀ọ̀kan: bí gbogbo ọ̀rọ̀ náà ṣe so pọ̀, bí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ṣe rí, àti irú ọ̀rọ̀ tí ọmọ lò. Ọmọ tó wà ní ìpele kìíní lè to ogún ogún bébà kéékèèké sórí tábìlì, kí ó fi ọwọ́ yọ ẹ̀wá kúrò, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan dárúkọ ohun tó ṣe. Ẹni tó wà ní ìpele kejì lè kọ gbólóhùn kúkúrú mẹ́ta tó tẹ̀ léra. Ẹni tó wà ní ìpele kẹrin yóò ti lè sọ ìdí, kí ó fi ọ̀nà méjì wé ara wọn, kí ó sì lo ọ̀rọ̀ ìṣirò bó ṣe yẹ. Ìṣirò kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe, kò sẹ́ni tí a fún ní iṣẹ́ ọmọ kíláàsì kejì nítorí pé ó ti Ìbàdàn dé láìpẹ́. Bí mo bá fẹ́ kọ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, irú àtẹ yìí ni mo ń kọ́kọ́ ṣe, nítorí ó ń jẹ́ kí n mọ ìrànlọ́wọ́ tí mo gbọ́dọ̀ pèsè sílẹ̀ fún ẹni kọ̀ọ̀kan kí ọjọ́ tó pé.

Ewu kan wà nínú ìpele wọ̀nyí tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Ohun tí ọmọ lè ṣe ni ìwé náà fi wọ́n ṣàpèjúwe, ó sì tẹnu mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin pé kí olùkọ́ máa wo ohun tí ọmọ ní lọ́wọ́ kí ó tó wo ohun tí kò ní. Ṣùgbọ́n mo ti rí ilé ìwé tí wọ́n ti sọ nọ́ńbà ìpele di orúkọ ọmọ. “Méjì ni ọmọ yẹn” ni wọ́n máa ń wí, tí wọn yóò sì gbé ìwé kíkùn àwòrán fún un nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́ nípa iná mànàmáná. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, ó mọ bí wọ́n ṣe ń tan jẹnẹrétọ̀, ó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí wáyà bá já, Gẹ̀ẹ́sì tí yóò fi sọ ọ́ nìkan ni kò tíì tó o. Ó dùn mí gan-an. Kí àwọn òbí mọ̀ pé ìwé náà kò ti irú ìwà yìí lẹ́yìn, wọ́n sì lè sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá pè wọ́n sí ìpàdé.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ibi tí ìwé náà ti kù díẹ̀ káàtó. Ó ń sọ léraléra pé kí olùkọ́ lo èdè àti àṣà tí ọmọ gbé wá láti ilé, ọ̀rọ̀ tó dára ni, àmọ́ kò sọ ohunkóhun nípa èdè kan pàtó yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Èdè Spanish nìkan ni àjọ náà ṣe ìlànà ọ̀tọ̀ fún. Mo mọ ìdí rẹ̀: nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn ọmọ tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ìwé Amẹ́ríkà ló ń sọ Spanish nílé. Síbẹ̀, aṣọ tí a rán láì wọn ẹni tí yóò wọ̀ ọ́ ni ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ jẹ́ fún olùkọ́ tó ní ọmọ Yorùbá mẹ́rin, ọmọ Amharic méjì àti ọmọ Igbo kan nínú kíláàsì rẹ̀. Wọ́n ní kí ó lo èdè ilé ọmọ, wọn kò sọ ohun tí yóò fi bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ìbá wúlò fún un kò pọ̀. Tí ẹnì kan bá lè sọ fún un pé “ó” kan ṣoṣo ni Yorùbá ń lò fún ọkùnrin, obìnrin àti ẹran, yóò yé e ìdí tí ọmọ tó gbọ́n fi ń kọ “he” nígbà tó ń sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀. Tí wọ́n bá sọ fún un pé ìwé kan àti ìwé mẹ́ta, ìwé náà ni, kò ní rò pé àìfarabalẹ̀ ló jẹ́ kí ọmọ gbàgbé lẹ́tà s tó yẹ kó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀. Bí ó bá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìṣe Yorùbá kì í yí padà nítorí àná tàbí òní, yóò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ tuntun ni ọmọ ń kọ́ níbẹ̀, yóò sì fún un láyè. Ti sípẹ́lì náà ń kọ́? Kọ́ńsónáǹtì méjì kì í tẹ̀ léra nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá, ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé búrẹ́dì, tí a sì ń sọ pé súkúù. Ọmọ tó bá ki fáwẹ̀lì bọ àárín kọ́ńsónáǹtì méjì nígbà tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì ń fi etí tó gbọ́ èdè rẹ̀ dáadáa gbọ́ èdè kejì ni. Ojú ewé méjì péré ló tó kó gbogbo èyí sí fún èdè kọ̀ọ̀kan, ó sì yẹ kó wà nínú apá tí wọ́n pè ní ohun èlò lẹ́yìn ìwé náà.

Kì í ṣe pé kò sí ẹni tó ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, tí wọ́n sì fi olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Wọ́n jókòó kọ ìwé, wọ́n ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, wọ́n sì rí i pé Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí ti àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Lẹ́yìn ìgbà náà, NERDC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìwádìí àti ìdàgbàsókè ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà, ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní èdè mẹ́sàn-án, Yorùbá sì wà lára wọn. Ọmọ Yorùbá tó wà ní Maryland kò sí nínú irú kíláàsì Ifẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, kò sì sí bí olùkọ́ kan ṣe lè dá ìyẹn padà. Àmọ́ àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ṣẹ̀dá yẹn wà nílẹ̀, òbí sì lè fi wọ́n bá ọmọ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀ nílé. Tí ọmọ bá ti fi Yorùbá lóye ìdí tí omi fi ń gbẹ lára aṣọ tí a sá, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ nìkan ló kù láti kọ́.

Ti àṣà ló kàn, ibẹ̀ sì ni ìwé náà ti nílò olùkọ́ tó ní làákàyè jù lọ. Ẹ wo iṣẹ́ kẹrin tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, fífi ẹ̀rí gbe èrò ẹni lẹ́sẹ̀. Ọmọ gbọ́dọ̀ sọ èrò rẹ̀, kí ó fi ẹ̀rí tì í, kí ó sì dá ẹni tí èrò rẹ̀ yàtọ̀ lóhùn. Ọmọ tí a tọ́ ní ilé Yorùbá ti kọ́ pé a kì í wo àgbà lójú jagbà-jagbà nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀, a kì í sì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. Bí olùkọ́ bá sọ pé “ta ni kò gbà pẹ̀lú mi?” ọmọ náà yóò dorí kodò, olùkọ́ tí kò mọ̀ yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò ní èdè tó lè fi jiyàn. Ẹ̀kọ́ ilé ló ń ṣiṣẹ́ lára ọmọ náà, ó sì tọ́ kí ilé ìwé mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀.

Ohun tí èmi ń ṣe ni pé mi ò kì í jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ takò mí. Mo máa ń gbé èrò ẹnì kan tí kò sí nínú yàrá kalẹ̀, bóyá èrò inú ìwé kan tí a kà, kí wọ́n lè sọ̀rọ̀ sí i láì wo ojú ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ìyẹn wọn yóò bá ara wọn jiyàn, ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́. Nígbà tó bá wá kan èmi, mo máa ń fún wọn ní gbólóhùn tí wọn yóò fi ṣí ọ̀rọ̀, tó fi hàn pé wọ́n ti gbọ́ ohun tí mo sọ kí wọ́n tó sọ ibi tí tiwọn ti yàtọ̀. Bí àwọn àgbà wa náà ṣe ń ṣe nínú ìpàdé ẹbí nìyí: ẹni tó fẹ́ yà sọ́tọ̀ yóò kọ́kọ́ kí àwọn tó ti sọ̀rọ̀, yóò tọrọ àyè, yóò pa òwe, yóò ní tótó ó ṣe bí òwe, lẹ́yìn náà ni yóò wá sọ ohun tó wà ní inú rẹ̀ láì fi igbá kan bọ ọ̀kan nínú. Ọmọ tó ti jókòó sẹ́yìn irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ rí ti mọ bí a ṣe ń jiyàn. Àwọn ọmọ tó ti Mexico tàbí Fiẹtinámù wá tí wọ́n tọ́ ní irú ìtẹríba bẹ́ẹ̀ náà ń jàǹfààní nínú ọ̀nà yìí, torí náà kì í ṣe ọmọ Yorùbá nìkan ni mo ń ṣe é fún.

Sísọ ìtàn rọrùn ju ìyẹn lọ. Ọmọ tó mọ àlọ́ Ìjàpá mọ bí ìtàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀, ó mọ bí ìṣòro ṣe ń wọ inú rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àlọ́ ń parí sórí ìdí tí nǹkan kan fi rí bó ṣe rí, bíi ìdí tí ẹ̀yìn Ìjàpá fi rí págunpàgun. Láti ibẹ̀ ni mo ti ń mú wọn bọ́ sí ṣíṣe àlàyé nínú sáyẹ́ǹsì: a ti sọ ìdí tí àlọ́ fún wa, ẹ jẹ́ ká wá wo ìdí tí a lè fi ojú rí ẹ̀rí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kù fún àwọn òbí. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi ọmọ sílé ìwé, wọn yóò fún yín ní fọ́ọ̀mù kan tó ń béèrè èdè tí ọmọ kọ́kọ́ sọ, èdè tó ń sọ jù, àti èdè tí ẹ ń sọ nílé. Ọ̀pọ̀ òbí wa ń kọ Gẹ̀ẹ́sì síbi gbogbo, nítorí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé tí àwọn bá kọ Yorùbá, wọn yóò dá ọmọ àwọn padà sẹ́yìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ òtítọ́. Ohun tí Yorùbá tí ẹ kọ ń ṣe ni pé wọn yóò ṣe ìdánwò kúkúrú fún ọmọ náà. Bí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ bá dáńgájíá, bíi ti ọ̀pọ̀ ọmọ tó ti lọ sílé ìwé l'Ékòó, ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Bí kò bá sì tó, ó ní ẹ̀tọ́ sí ìrànlọ́wọ́ lábẹ́ òfin, ẹni tó kọ irọ́ sí fọ́ọ̀mù ló fi ẹ̀tọ́ náà du ọmọ rẹ̀. Òbí lè kọ̀ pé òun kò fẹ́ ìrànlọ́wọ́ náà, ṣùgbọ́n ọmọ yóò ṣì máa ṣe ìdánwò ọdọọdún títí yóò fi gba máàkì tí ìpínlẹ̀ rẹ̀ béèrè.

ACCESS ni orúkọ ìdánwò ọdọọdún yẹn. Gbígbọ́, sísọ, kíkà àti kíkọ ni wọ́n ń yẹ̀ wò níbẹ̀. Nínú máàkì àpapọ̀, ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti kíkà, 35 ni ti kíkọ, 15 ni ti gbígbọ́, 15 ni ti sísọ. Èyí ló ń ya òbí lẹ́nu nígbà tí èsì bá dé. Ọmọ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì geere nílé, ó ń fi bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣeré, síbẹ̀ wọ́n ní kò tíì kúrò nínú ètò náà. Mo rò pé bí wọ́n ṣe pín in yìí tọ́, torí kíkà àti kíkọ ni yóò gbé ọmọ dé yunifásítì, ṣùgbọ́n ilé ìwé ló yẹ kó ṣàlàyé rẹ̀ fún òbí kó tó di pé ọdún mẹ́ta kọjá. Tí èsì bá dé, ẹ wo ti kíkọ lọ́tọ̀, ẹ má kàn wo nọ́ńbà àpapọ̀, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ irú ohun tí ọmọ kọ tó fi gba bẹ́ẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi kọ ìwé ìlànà náà wúwo, olùkọ́ tuntun yóò sì ṣe làálàá kí ó tó wọ̀ ọ́ lára. Apá mẹ́rin ló ní: èrò pàtàkì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, àlàyé bí a ṣe ń lò ó, àtẹ fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé kíláàsì kejìlá, àti ohun èlò. Mi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti kà á láti ojú ewé kìíní. Lọ sí apá kẹta, wá kíláàsì rẹ, ka iṣẹ́ mẹ́rin náà lábẹ́ ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tí o ń kọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí o sì wo àpẹẹrẹ tí wọ́n ti fi àlàyé sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì wà fún olùkọ́ tó wà ní ìpínlẹ̀ ọmọ ẹgbẹ́, wọ́n sì dára ju kí ènìyàn máa dá ìwé náà kà lọ.

Ní tèmi, olùkọ́ tó bá ní ju ọmọ méjì lọ tí èdè ilé wọn yàtọ̀ kò gbọdọ̀ wà láì ní ìwé yìí lọ́wọ́, pàápàá olùkọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì tó rò pé iṣẹ́ olùkọ́ ESOL nìkan ni ọ̀rọ̀ èdè. Fún ilé ìwé Yorùbá ọjọ́ Sátidé tí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹgbẹ́ wa ń ṣe, iṣẹ́ mẹ́rin yẹn nìkan ti tó láti mú: ẹ lè fi wọ́n ṣètò ẹ̀kọ́ Yorùbá gan-an, kí ọmọ máa fi Yorùbá ṣàlàyé, kí ó máa fi í jiyàn, kí ó má kàn mọ orúkọ ẹ̀yà ara àti ìkíni àárọ̀ nìkan. Tí ẹ bá sì ní olùkọ́ ọmọ yín kan tó ṣeé bá sọ̀rọ̀, ẹ kọ ojú ewé méjì tí mo ní ó sọnù nínú ìwé yẹn fún un: bí a ṣe ń lo “ó”, bí a ṣe ń ka nọ́ńbà, ìdí tí ọmọ fi ń tẹjú mọ́lẹ̀. Mo ti fi irú rẹ̀ lé olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kan lọ́wọ́, ó sì tún gbogbo ìbéèrè ẹ̀kọ́ rẹ̀ tó kàn kọ.